Iná Méjì Tí Nọ́ńbà Wọn Jọra

Ilé Ìránṣọ Àbẹ̀ḿbí,
Ẹ̀yìn Ilé Alájà Mẹ́ta,
Ring Road,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, ọdún 1986.

Bàdírátù, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Mo bẹ Ọlọ́run Aláàánú pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀ ní Bauchi níbẹ̀, kí ọyẹ́ ilẹ̀ yẹn má fi ètè rẹ ṣeré, kí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ sì máa gbọ́ tìrẹ. Àwa náà wà dáadáa nílé. Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ti fúyẹ́, ó tún ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ kírun ní mọ́sáláṣí. Ó ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà rẹ olójú ewé mẹ́rin tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti oṣù tó kọjá. Mo mọ̀ pé o ti ń retí èsì, o sì lè máa rò pé bóyá n kò lóye ohun tí o kọ. Mo lóye rẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ọ ní oṣù kẹsàn-án, ohun tí mo béèrè kò ju pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín lúmẹ̀nì àti káńdẹ́là, mo sì da gbogbo ohun tó wà lára páálí iná méjì kọ fún ọ. O dá mi lóhùn láìbi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. N kò sọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè yẹn fún ọ nígbà náà. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́, kí o lè mọ bí ohun tí o ṣe fún mi ti tóbi tó.

Ṣé o mọ̀ pé inú oṣù kẹjọ ni a kó kúrò ní Agbowó wá sí Ring Road. Ṣọ́ọ̀bù tuntun yìí fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ilé alájà mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀ dí ojú ọ̀run mọ́ ọn. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ aago méjìlá ọ̀sán, inú rẹ̀ á ṣì dà bí ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tí mo tíì gbà láyé mi ló wà nílẹ̀: igba aṣọ dúdú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì máa wọ̀ lọ gba oyè nínú oṣù kọkànlá. Ìwọ náà ti wọ irú rẹ̀ rí. Òwú dúdú lórí aṣọ dúdú ni, Bàdírátù. Kò sí ohun tó ń jẹ ojú aránṣọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Agbowó, ọ̀pá iná funfun mẹ́fà ni a ń lò, a sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ fún onílé. Páálí ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ 2400 sí i. Mo mú nọ́ńbà yẹn sórí, mo gba Dùgbẹ̀ lọ fúnra mi. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn gílóòbù kan tí orí wọn fẹ̀, tí inú wọn ń dán bíi dígí. Wọ́n kọ 2500 sára páálí tiwọn. Mo fi 2500 wé 2400, inú mi dùn, mo ní mo ti rí èyí tó dára ju ti àtijọ́ lọ. Mo ra mẹ́fà. N kò wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà rárá.

Olúgbádé ni mo ní kó lọ fi alùpùpù rẹ̀ kó wọn wá, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n lè fọ́ nínú bọ́ọ̀sì. O mọ Olúgbádé dáadáa, oníṣẹ́ iná tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge, òun náà ló fa wáyà sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Agbowó nígbà tí o wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, tí ìwọ ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kan iná mi. Nígbà tó kó àwọn gílóòbù náà dé, tó tú ọ̀kan wò, ó dúró díẹ̀, ó wá sọ fún mi pé, "Mà, irú iná yìí, ojú kan ló máa ń mọ́lẹ̀ sí. Kì í tàn ká yàrá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá wọn padà."

Ohun tí mo fi dá a lóhùn ṣì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Mo ní, "Olúgbádé, ṣé o lè kàwé? Èwo ló pọ̀ jù, 2400 àbí 2500?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "2500 ni, mà." Mo ní, "Ó dáa, gbé e kọ́." Ó sì gbé wọn kọ́.

Nígbà tí a tan iná, abẹ́ gílóòbù kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kedere, ìmọ́lẹ̀ náà rí roboto bí àwo. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá sún ìgbésẹ̀ kan péré sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìṣúdùdù ni. Tábìlì tí a ti ń gé aṣọ wà nínú òjìji pátápátá. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ránṣọ á fa aṣọ dúdú náà láti inú ìmọ́lẹ̀ bọ́ sínú òkùnkùn, wọ́n á tún fà á padà, omi á máa dà lójú wọn. Ojú ìrán bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. A tú aṣọ mọ́kànlá ká lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kẹrin ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún Títílọpẹ́, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ó gba ojú èékánná wọlé, ó sì kán sínú ìka rẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù ní Jericho. Bí wọ́n ṣe ń yọ abẹ́rẹ́ yẹn, ó di ọwọ́ mi mú, kò sunkún. Mo jókòó tì í, ọkàn mi ń gbóná. Mo ń sọ fún ara mi pé iná 2500 kò lè ṣókùnkùn ju iná 2400 lọ, àfi bí ẹnì kan bá ti pààrọ̀ rẹ̀. Ta ló kó wọn láti Dùgbẹ̀? Olúgbádé ni. Kí ló dé tó fi fẹ́ kó wọn padà lọ́jọ́ tó kó wọn dé? Gbogbo ohun tó ṣe ló di ẹ̀rí lójú mi.

Láti ọsibítù, Challenge ni mo gbà lọ tààrà. Mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun àti Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀, àti àwọn oníbàárà méjì, àti fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo pè é lólè. Bàdírátù, mo pariwo ọ̀rọ̀ yẹn débi pé àwọn tó wà lódìkejì títì yíjú wò wá. Ó ní, "Mà, mi ò pààrọ̀ ohunkóhun." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, kò gbé ohùn sókè rárá. Abọ́sẹ̀dé ni kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pè é lọ́mọ yín!" Mo kẹ́yìn sí wọn.

Kò tún parí síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, tí mo máa ń rán aṣọ fún, ń kọ́lé sí Onírèké, Olúgbádé ló sì ń fa wáyà sí i. Nígbà tí ọkùnrin náà wá gba aṣọ rẹ̀, ó bi mí pé ṣé òótọ́ ni ohun tí òun gbọ́ ní Challenge. Mo ní òótọ́ ni, mo ní kó ṣọ́ra. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti ní kí Olúgbádé kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Mo ti kó páálí méjèèjì sínú báàgì kí n lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá rẹ ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, "Àbẹ̀ḿbí, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà yìí kò jọra wọn. O bí ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa irú nǹkan báyìí, kọ́kọ́ bi í ná." Inú bí mi sí i, mo ní bóyá ó ń gbè sẹ́yìn olè ni. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo kọ̀wé sí ọ. Ọlọ́run ló lo bàbá rẹ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí èsì rẹ dé, mo rò pé n kò ní lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ ẹni tí ò ń kọ̀wé sí. O ní: "Màámi, ẹ ka lúmẹ̀nì sí gbogbo aṣọ tó wà nínú ìgàn kan. Káńdẹ́là ni bí aṣọ yẹn ṣe nípọn tó níbi tí ẹ dojú rẹ̀ kọ. Lọ́kìsì ni iye tó bọ́ sórí tábìlì yín gan-an. Ẹ lè ta odidi ìgàn ká gbogbo yàrá, á fẹ́lẹ́. Ẹ sì lè ká ìdajì ìgàn jọ sójú kan, á nípọn. Èyí tó nípọn kọ́ ni èyí tó pọ̀." Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi lọ́kìsì, nítorí ọṣẹ ìwẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí mo rín lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Mo mú pẹ́ńsù, mo ṣe ìṣirò tí o júwe sórí páálí tí a fi ń gé bátánì. Gílóòbù tí wọ́n kọ sí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣí ní ìwọ̀n igun ogójì, o ní kí n fi káńdẹ́là rẹ̀ lọ́nà 0.38, pé lúmẹ̀nì ló máa jáde. Mo fi 2500 lọ́nà 0.38. Ó jẹ́ 950. Ọ̀pá iná tó ń tàn yí ká, o ní kí n fi 12.57 pín lúmẹ̀nì rẹ̀ kí n tó lè pè é ní káńdẹ́là. 2400 tí mo pín, ó jẹ́ 191. O kìlọ̀ pé kì í ṣe ìṣirò tó péye pátápátá, pé ọ̀pá kì í tàn bákan náà ní gbogbo ìhà, etí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù náà kì í sì í gé ṣánṣán. Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè yí i tí kò ní rí bákan náà. Ọ̀pá mẹ́fà ti Agbowó ń fún wa ní lúmẹ̀nì 14,400. Gílóòbù mẹ́fà tí èmi fọwọ́ ara mi rà kò ju 5,700 lọ. Mo ti gba ohun tó lé ní ìdajì ìmọ́lẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ lójú.

O tún ní kí n pa iná, kí n jẹ́ kó tutù, kí n wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí orí gílóòbù fúnra rẹ̀. Mo gun orí tábìlì. Mo wo ìkíní, mo wo ìkejì, títí dé ìkẹfà. Gbogbo wọn bá ti páálí mu. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ ohunkóhun. Títílọpẹ́ ló dì mí mú sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo mú lẹ́tà rẹ, mo lọ sí Challenge. Mo kọ́kọ́ lọ bá fọkanáísà, mo ní kó jọ̀wọ́ tẹ̀ lé mi, nítorí pé ó gbọ́ ohun tí mo sọ níjọ́sí, mo fẹ́ kó gbọ́ ti òní náà. Olúgbádé ń tún fáànù kan ṣe. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló pa mí. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, nínú eruku. Ó sáré wá, ó ní, "Ẹ dìde, mà, ẹ má ṣe báyìí sí mi." N kò dìde. Mo ní, "Èmi ni mo ra iná tí kò yẹ. Nọ́ńbà ni mo kà, n kò ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olúgbádé kò jí nǹkan kan. Ó tiẹ̀ kìlọ̀ fún mi, mo sì fi ìwé kíkà bú u." Mo wá ka lẹ́tà rẹ sókè, láti ibi ìgàn aṣọ títí dé ibi ìṣirò.

Mo rò pé ó máa lé mi ni, n kò sì ní bá a wí. Ohun tó sọ ni pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibi 0.38 yẹn kà fún mi." Mo tún un kà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ojú mi rí i láti ọjọ́ kìíní. Mi ò kàn ní ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sọ ọ́ tí ẹ ó fi gbà mí gbọ́ ni." Fọkanáísà náà fi fìlà bojú. Abọ́sẹ̀dé wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ní gbogbo àkókò yẹn. Ó wò mí, kò kí mi, ó sì wọlé lọ. Mo gbà pé ó tọ́ sí mi.

Mo lọ sí Onírèké lọ́jọ́ kan náà. Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà pé èmi ni mo ṣìnà. Ó káàánú, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ yẹn kò padà mọ́, Bàdírátù. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí o má baà rò pé gbogbo ohun tí mo bàjẹ́ ni mo rí tún ṣe. Àmọ́ ó ní àbúrò òun ń kọ́lé ní Bódìjà, òun á sì fi ẹnu ara òun sọ ọ̀rọ̀ Olúgbádé fún un. Mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì gbé ìwé náà lọ sí Bódìjà fúnra mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Olúgbádé wá sí ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé mo ránṣẹ́ pè é. Ó so ọ̀pá iná mẹ́fà mọ́ àjà kí gbogbo yàrá lè mọ́lẹ̀. Kò kó àwọn gílóòbù náà dànù. Ó rẹ mẹ́ta nínú wọn sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ tí a fi ń rán ọrùn àti apá aṣọ, níbi tí òwú dúdú ti ṣòro rí jù. Kó tó kọ́ wọn, ó fi téèpù wọn ọ̀nà tó wà láàárín wọn àti tábìlì, ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, ó sì ń ka ìṣirò náà sókè: "Mítà méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. 2500, ká fi mẹ́rin pín in, lọ́kìsì 625." Ó tún un wọ̀n, ó ní kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí ó ṣe tan iná, Títílọpẹ́ mú aṣọ dúdú kan, ó na ojú ìrán rẹ̀ síwájú, ó ní, "Màmá, mo ń rí òwú!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

A parí igba aṣọ náà nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Kò sí èyí tí wọ́n dá padà. Ní ọjọ́ ìgboyè, mo lọ dúró sí ẹ̀bá títì ní Agbowó, mo ń wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń kọjá nínú aṣọ wa, àwọn ìyá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìwọ ni mo ń rò.

Lánàá ni Abọ́sẹ̀dé wọlé síbí, òun nìkan. A kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo pe ọkọ rẹ̀ lólè. Ó tú aṣọ kan jáde láti inú láílọ́ọ̀nù, aṣọ funfun tó fẹ́ máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. Ó ní, "Ẹ wọ̀n mí, mà. Ẹ má jẹ́ kó fún mi lápá." Mo mú téèpù. Òun fúnra rẹ̀ bá mi di etí rẹ̀ kan mú.

Ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ojú ewé mẹ́rin ni o kọ, o sì ti lè gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn kan ló padà sí ipò rẹ̀, mo sì lè wo ojú àwọn ará Challenge. Mo dúpẹ́ pé o kọ̀wé sí mi bí ẹni tí ó mọ̀ pé mo lè lóye. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìmọ̀ rẹ máa ṣe àwọn ẹlòmíràn láǹfààní. Ẹni tí yóò fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, Ọlọ́run á fi í ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ. Wàá parí iṣẹ́ ìsìnlú rẹ láyọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi rìn wọlé bá wa. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí inú rẹ̀ sì ń dùn sí ọ,
Àbẹ̀ḿbí.

Mo tún rántí: Olúgbádé ní kí n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó rí iná àtijọ́ kan nílé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà, ohun tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe lúmẹ̀nì, kì í ṣe káńdẹ́là. Agbára àbẹ́là ni wọ́n pè é. Ó fẹ́ mọ bí òun ṣe lè yí i padà. Ó ní kí o kọ ìdáhùn rẹ̀ sí òun tààrà, orúkọ òun ni kí o kọ sí ẹ̀yìn àpò ìwé, òun fẹ́ fọwọ́ ara òun tú u.